Kí aláìsàn tó ní ìpèníjà òye lè bá dókítà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù àti àwòrán

Mo ń ṣe iṣẹ́ care, ìyẹn iṣẹ́ olùtọ́jú, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé kò sì kéré, yálà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Mókọ́lá ní Ìbàdàn. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú bọ́ọ̀sì àti lórí WhatsApp ni mo kó jọ síbí. Ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn NHS, ni mo mọ̀ dunjú, òun ni màá sì sọ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé, ìyẹn Nàìjíríà, màá sọ pé ilé ni.

Ta lẹ̀ ń pè ní ẹni tó ní ìpèníjà òye?

Ẹni tí nǹkan kì í tètè yé láti kékeré, tó máa ń pẹ́ kó tó kọ́ ohun tuntun, tó sì nílò ìrànlọ́wọ́ lórí owó kíkà, ìwé kíkà, oúnjẹ sísè tàbí wíwọ ọkọ̀. Ti ẹlòmíì kò pọ̀: ó ń dá gbé, ó ń ṣiṣẹ́. Ti ẹlòmíì pọ̀ débi pé kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Àwọn kan ní Down syndrome, tí wọ́n bí mọ́ wọn. Àwọn kan, atẹ́gùn ni kò tó wọn nígbà tí wọ́n ń bí wọn, tàbí kó jẹ́ pé ibà apọ́njú (jaundice) mú wọn ní ìkókó, tí kò sẹ́ni tó tètè tọ́jú rẹ̀, tó fi ba ọpọlọ jẹ́. Àwọn míì wà tí dókítà kò mọ ohun tó fà á.

Kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe ọ́tísìmù, tí ọpọlọ èèyàn fi máa ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì lè wà lára ẹnì kan. Kì í sì í ṣe ti ọmọ tó ń ṣi lẹ́tà kà nínú ìwé. Orúkọ bíi dìndìnrìn àti ọ̀dẹ̀ tí wọ́n máa ń pè wọ́n nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pè wọ́n létígbọ̀ọ́ mi. Mencap, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà wọn ní Britain, ṣírò iye wọn níbẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ le tó bẹ́ẹ̀ níwájú dókítà?

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, sábà máa ń fún èèyàn. Láàárín rẹ̀, ó fẹ́ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti ń dùn, bóyá ó ń ta èèyàn ni àbí ó ń jó, bóyá ó ń lọ ó ń bọ̀. Ẹni tí àná àti oṣù tó kọjá kò yàtọ̀ lójú rẹ̀, báwo ló ṣe máa dáhùn ìyẹn? Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ láti kékeré pé bí ọ̀gá bá béèrè ọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń mú inú ọ̀gá dùn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ó ń dùn yín?", wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ó ti lọ?", wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní pẹ́ tí dókítà á fi kọjú sí èmi tí mo tẹ̀ lé wọn wá, bí ẹni pé ẹrù ni mo gbé wá fún un.

Èyí tó burú jù ni kí ara ẹni náà yí padà, kí dókítà wá gbé e karí ìpèníjà òye. Ẹni tí kì í kígbe bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, wọ́n á ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, etí ló ń dùn ún. Ní 2013, àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ikú àwọn 247 tó ní ìpèníjà òye ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkùnrin wọn ń fi ọdún 13 ṣáájú àwọn ọkùnrin yòókù kú, àwọn obìnrin wọn ń fi ọdún 20 ṣáájú. Lára ohun tí ìwádìí náà rí ni pé àìsàn wọn kì í tètè hàn sí dókítà, ìtọ́jú á sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ogún ọdún! Mo máa ń rántí iye yẹn bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ohun ìṣeré ni tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Irinṣẹ́ wo gan-an lẹ ń sọ?

Èyí tí ẹ máa rí jù ni áàpù tó pín ojú tábúlẹ́ẹ̀tì sí àpótí kéékèèké. Àwòrán wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, tábúlẹ́ẹ̀tì á sọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó lè to mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ kó di gbólóhùn. Proloquo2Go, tó jẹ́ ti iPad àti iPhone, àti Grid, tí ilé iṣẹ́ Smartbox ní Malvern ń ṣe, wà lára àwọn orúkọ tí ẹ máa gbọ́ ní Britain. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ wà tó ń fi kámẹ́rà wo ẹyinjú: ibi tó bá tẹjú mọ́ ni ẹ̀rọ á kà sí pé ó tẹ̀.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Talking Mats. Yunifásítì Stirling ní Scotland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹní kékeré àti káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ lò, ó ti wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì báyìí. Àmì mẹ́ta ló wà lókè: ó dára, ó wà láàárín, kò dára. Ẹ ó máa fi àwòrán hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: oorun, oúnjẹ, ìrìn, ìgbọ̀nsẹ̀, oògùn òwúrọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á gbé e sábẹ́ àmì tó bá wù ú. Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀ tí "bẹ́ẹ̀ ni" lè dáhùn, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bó bá parí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà. Mo ti rí dókítà tó wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, tó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn òwúrọ̀ ló yẹ kóun fi bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni bọ́tìnnì ńlá kan bíi BIGmack. Ẹ gba ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́. "Ẹ dúró ná, ẹ̀rù ń bà mí." Fún ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, gbólóhùn kan yẹn tó.

Ta ló yẹ kó yan ọ̀rọ̀ tó máa wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ibí ni mo ti ṣàṣìṣe.

Mo tọ́jú ẹ̀gbọ́n kan fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n mọ tábúlẹ́ẹ̀tì wọn lò dáadáa. Nígbà tó yá, wọn ò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í fẹ́ dìde lórí àga. A lọ rí dókítà. Dókítà bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n tẹ àwòrán bọ́ọ̀sì. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní, "Bọ́ọ̀sì." Dókítà tún béèrè, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́: "Bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì." Èmi ni mo sọ fún dókítà pé ilé ni wọ́n fẹ́ máa lọ, pé ìjókòó ti sú wọn. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó fún wa ní oògùn inú, a bá tiwa lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Mo rí i tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹnu ọ̀nà mú, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, tí wọn ò lè gbé tòsì. Ojú wọn fún pọ̀. Awakọ̀ ń retí wa. Wọ́n yíjú padà wò mí, mi ò sì lè gbàgbé bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun, oríkèé ìbàdí òsì ti bàjẹ́ gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ka àwọn àwòrán tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Tíì, bísíkíìtì, tẹlifíṣọ̀n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀lù, "mo ti parí", "ẹ ṣeun". Kò sí ìbàdí níbẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀. Kò sí "ó ń dùn mí". Àwa olùtọ́jú la kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ohun tó ń mú kí iṣẹ́ tiwa yá la sì kó. Ẹni tí a kò fún ní ọ̀rọ̀ ìbàdí wá ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú èyí tó ní: ibi tí ìbàdí ti ń dùn wọ́n. Wọ́n ti ṣàlàyé fún dókítà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi ni mo ṣì í túmọ̀.

Nítorí náà, tó bá di ti ìlera, ẹ kó gbogbo ẹ̀yà ara síbẹ̀, títí kan ibi ìkọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí wa kì í fẹ́ kí àwòrán nǹkan ọmọkùnrin tàbí ọmú wà lórí rẹ̀. Mo mọ ìdí, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n bí kókó bá so sí ọmú ọmọbìnrin yín, tàbí bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ wo ló máa fi sọ ọ́? Ẹ tún fi "rárá" síbẹ̀, "ẹ dákẹ́ ná", "kò yé mi", "mo fẹ́ bá dókítà nìkan sọ̀rọ̀", àti "kì í ṣe ohun tí mo ń sọ nìyẹn". Tí mo bá ti fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sórí tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n, wọn ì bá ti dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní sọ ọmọ di ọ̀lẹ, kó má fẹnu sọ̀rọ̀ mọ́?

Rárá. Wọ́n ti ṣe ìwádìí lé ọ̀rọ̀ yìí lórí dáadáa, wọn ò rí i pé àwòrán tàbí ẹ̀rọ ń dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà bákan náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu ọmọ ló dí.

Báwo ló ṣe máa fi hàn pé nǹkan ń dun òun, àti bó ṣe le tó?

Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń lo àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí dé èyí tó ń sunkún. Ó wúlò fún àwọn kan. Àwọn míì á tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé òun ló dára jù lójú wọn, dókítà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọn le. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí ẹ mọ̀ dájú pé nǹkan ń dùn ún, bíi kó fẹsẹ̀ kọ.

Àwòrán odindi ara èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ó fọwọ́ kan ikùn, ẹ mú ikùn tóbi sí i lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó tún fọwọ́ kan ibì kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà béèrè lọ́nà mìíràn. Bó bá fọwọ́ kan ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé gbára lé.

Ẹ máa kọ ojoojúmọ́ rẹ̀ sínú fóònù: oorun, oúnjẹ, ìṣesí, ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má fojú kéré ìgbọ̀nsẹ̀ rárá. Ìgbẹ́ tó gan mọ́ inú ti pa èèyàn láàárín àwọn tí mò ń sọ yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọsibítù pọ̀ sí yìí. Àwòrán kan wà tí wọ́n ń pè ní Bristol Stool Chart, oríṣi ìgbẹ́ méje ló wà níbẹ̀, láti èyí tó dà bí kóró líle títí dé èyí tó jẹ́ omi. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lè fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ oríṣi kìíní tàbí ìkejì ló ń fọwọ́ kàn lemọ́lemọ́, ẹ pe dókítà, ẹ má dúró de ìgbà tí inú máa wú.

Ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣé ẹ̀rọ lè sọ Yorùbá?

Ọ̀pọ̀ áàpù kò ní ohùn Yorùbá. Bí ẹ bá kọ Yorùbá síbẹ̀ tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì sì kà á, kò ní yé yín, ká má tíì sọ ọmọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn gba kéèyàn gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ àwòrán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi gbólóhùn ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má gbà á ní ẹyọ ọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tí mo mọ̀: ó gba "inú" sínú àpótí kan, ó gba "dùn" sínú òmíràn. Ọmọ to méjèèjì pọ̀ láti fi sọ pé inú ń run òun, ohun tí ìyá àgbà gbọ́ ni "inú dùn", àgbà bá ń yọ̀ fún un.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ìrora ju ohun tó wà nínú áàpù Gẹ̀ẹ́sì lọ. Orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí, ara ń yún mi: ọ̀kan ò dà bí èkejì, dókítà tó gbọ́ Yorùbá sì lè mọ ohun púpọ̀ nínú wọn. Ẹ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ́ẹ̀. Fún dókítà tí kò gbọ́, ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ hàn nínú àpótí náà. Ẹ tún wá ohùn tó bá ẹni náà mu. Kò dáa kí ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún máa fi ohùn ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a gbà á.

Ní NHS, ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ béèrè fún ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí ni "hospital passport" tí wọ́n ń sọ? Ṣé ó ti wà lórí fóònù?

Ìwé olójú ewé mélòó kan ni, tó ń sọ irú ẹni tí aláìsàn jẹ́ fún nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀pọ̀ ọsibítù pín in sí àwọ̀ mẹ́ta bí iná ojú pópó. Pupa ni ti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án: oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, wárápá, bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ohun tó ṣe pàtàkì sí i, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń fi ìrora hàn. Àwọ̀ ewé ni ti ohun tó fẹ́ràn.

Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè ní in lórí fóònù, ó sì ní ohun tí bébà kò lè ṣe: fídíò. Ẹ ya fídíò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bó bá dé ọsibítù tó dùbúlẹ̀ láìmira, tí wọ́n sì rò pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ gbé fóònù síwájú wọn.

NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní àmì kan tí wọ́n ń fi sórí fáìlì aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà, Reasonable Adjustment Digital Flag lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá ṣí fáìlì náà, ní ọ̀dọ̀ GP tàbí ní ọsibítù, tètè rí i pé ẹni yìí ń fẹ́ àkókò tó gùn, tàbí pé àwòrán ló ń lò, tàbí pé ariwo yàrá ìdúró kò bá a lára mu. Ẹ bi GP yín bóyá ó ti wà lórí fáìlì ọmọ yín. Kì í ṣe ojúrere ni wọ́n ń ṣe fún yín: òfin Equality Act ti 2010 ló ní kí wọ́n yí ọ̀nà ìtọ́jú padà bó ṣe yẹ fún aláàbọ̀ ara, láti 2016 ni wọ́n sì ti ń béèrè lọ́wọ́ NHS pé kí wọ́n máa fún irú wọn ní ìsọfúnni lọ́nà tó máa yé wọn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á ni ó kù. Ọmọ ọdún 18 ni Oliver McGowan nígbà tó kú ní Bristol ní 2016. Ó ní wárápá, ọ́tísìmù àti ìpèníjà òye díẹ̀. Òun àtàwọn òbí rẹ̀ sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má fún un ní irú oògùn ọpọlọ kan nítorí ohun tó ti fi ojú rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un. Ọpọlọ rẹ̀ wú, kò sì bọ́ níbẹ̀. Oliver lè fẹnu sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete. Ìyá rẹ̀ ò dákẹ́ títí òfin fi jáde ní 2022 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀kọ́ nípa ìpèníjà òye àti ọ́tísìmù. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi pe ẹ̀kọ́ yẹn. Bí mo bá dé ọsibítù pẹ̀lú ẹnì kan, mo máa ń dúró ti nọ́ọ̀sì títí yóò fi ka apá pupa yẹn lójú mi.

Ọmọ mi ti pé ọdún 22. Dókítà ní òun ò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi nìkan. Ṣé kì í ṣe èmi ni ìyá rẹ̀?

Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í dàgbà lójú ìyá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin Mental Capacity Act ti 2005 ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sí pé ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 16 lè pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé kò lè ṣe é. Òfin kan náà sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ pé kò lè ṣe é títí wọ́n á fi ràn án lọ́wọ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà kó lè yé e. Àwòrán àti tábúlẹ́ẹ̀tì wà lára ìrànlọ́wọ́ yẹn. Tí dókítà bá wá ní kò mọ nǹkan kan láì tíì fi àwòrán kan hàn án, ẹ̀yin gan-an lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bó bá wá hàn pé lóòótọ́ kò lè pinnu lórí ọ̀rọ̀ kan, ohun tó máa ṣe é láǹfààní jù ni wọ́n á wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu yín.

Báwo la ṣe máa múra sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé?

Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ iwájú dókítà ló ti máa kọ́kọ́ rí áàpù. Ilé ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó, nídìí oúnjẹ, nídìí eré, fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀yin náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó lè dáhùn.

Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi fóònù ya àwòrán ẹnu ọ̀nà ọsibítù, àga ìdúró, àti dókítà fúnra rẹ̀ bó bá gbà. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra: a máa wọ bọ́ọ̀sì, a máa jókòó, dókítà á wo ikùn, a máa padà sílé. Ẹ máa wò ó pọ̀ lálẹ́. Ẹ pe ọsibítù kẹ́ ẹ sì béèrè fún àkókò méjì papọ̀, tàbí ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá ní nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ní ìpèníjà òye, ẹ béèrè rẹ̀.

Àti pé kí ọmọ tó pé 14, ẹ rí i pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn tó ní ìpèníjà òye lọ́dọ̀ GP. Láti ọmọ ọdún 14 lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni àyẹ̀wò ara lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò sí nínú ìwé náà nítorí pé òbí ń pa á mọ́. Ó ń dùn mí púpọ̀.

Rírí dókítà lórí fídíò ńkọ́?

Ó dára fún ẹni tí ọsibítù ń bà lẹ́rù, nítorí orí àga tirẹ̀ ló wà. Àmọ́ dókítà kò lè fọwọ́ kan ikùn láti orí fóònù. Mi ò ní gbà á fún àìsàn tuntun.

Èló ni? Ṣé ọ̀fẹ́ wà?

Proloquo2Go lé ní igba dọ́là, kò sì sí ti Android. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. LetMeTalk jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Android, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́. Cboard náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwòrán tí LetMeTalk ń lò wá láti ARASAAC, tí ìjọba ẹkùn Aragon ní Sípéènì ń bójú tó. Ẹnikẹ́ni lè wá a sórí fóònù, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, tí kò bá ti ní tà á. Ní Britain, ẹ bi GP nípa onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Àwọn ló mọ èyí tó bá ọmọ yín mu, wọ́n sì lè bá yín wá bí ẹ̀rọ ṣe máa jáde láì jẹ́ pé owó yín ni.

Nílé ńkọ́? Dókítà ní ọsibítù ìjọba kò ráyè àwòrán.

Mo mọ èrò tó máa ń wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, sọ pé kí ọsibítù ìjọba pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ àkànṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìṣòro fún. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Òfin inú ìwé yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá dókítà, mo gbà. Ohun tí ìyá kan ní Ìbàdàn ń ṣe ni pé ó kọ gbólóhùn mẹ́rin sójú fóònù, lẹ́tà gàgàrà: "Orúkọ mi ni báyìí. Ohun tí ẹ bá sọ yé mi bí ẹ bá rọra sọ ọ́. Mò ń fi àwòrán dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń nà án sí dókítà. Ó ní láti ìgbà tóun ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dókítà kan ò tíì kọ̀ láti dúró.

Bí ẹ bá wà ní Èkó, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole ní Akoka tàbí lọ́dọ̀ Down Syndrome Foundation. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní yunifásítì ibẹ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ irú àwọn ọmọ yìí.

Bí iná bá lọ, tí bátìrì sì kú ńkọ́?

Ẹ tẹ ojú áàpù náà jáde sórí bébà kan, kí àwòrán wà ní ibi tó máa ń wà gan-an lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí omi má bà á jẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú oògùn wọn. Ìbàdí ti wà lórí rẹ̀ báyìí, ní ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.